Ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì parí iṣẹ́ ní London

1/


Ẹ mọ bọ́ọ̀sì pupa onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n máa ń yà sára ife tíì, sára fìlà, sára ohun tí wọ́n ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́, tí ẹni tó bá ti London dé máa ń kó wálé fún gbogbo ẹbí? Routemaster lorúkọ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọ bọ́ọ̀sì ní London lónìí, òun kọ́ lẹ̀ ń wọ̀ o. Ojúlówó ẹ̀ parí iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 2005.

Mo fẹ́ sọ bó ṣe parí iṣẹ́, àwọn tó sunkún ẹ̀, àtàwọn tí kò rí ìdí kankan láti sunkún.

2/
Àǹtí mi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n, wọ́n sì ṣe kọ́ńdọ́ lórí bọ́ọ̀sì yìí ní gúúsù London fún ọdún mélòó kan. Fọ́tò kan wà ní pálọ̀ wọn ní Peckham: wọ́n dúró sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ọwọ́ kan di irin mú, ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì wà láyà wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé fọ́tò yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì." Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní tí mo bá máa sọ ìtàn bọ́ọ̀sì yẹn, kí n sọ ọ́ kó pé, kí n má ṣe bíi tàwọn tó ń fi ṣe fáàrí.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó pé.

3/
Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, London Transport, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò nílùú náà nígbà yẹn, ń wá bọ́ọ̀sì tuntun tó máa gba ipò trolleybus, àwọn bọ́ọ̀sì tó ń fi iná mànàmáná rìn lábẹ́ wáyà. Àwọn ẹ́ńjíníà tiwọn gan-an ló jókòó yàwòrán ẹ̀, pẹ̀lú iléeṣẹ́ AEC tó ṣe ẹ́ńjìnnì ẹ̀ àti Park Royal tó kan ara ẹ̀. A. A. M. Durrant ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Douglas Scott ló fún un ní ojú tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Wọ́n kọ́kọ́ fi han aráàlú ní 1954. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù Kejì 1956, ó kó èrò fúngbà àkọ́kọ́, lójú ọ̀nà nọ́ńbà 2.

4/
Nígbà ogun, London Transport wà lára àwọn tó ń kan Halifax, ọkọ̀ òfuurufú tó ń ju bọ́ǹbù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ béèyàn ṣe ń fi alumíníọ̀mù kan nǹkan tó fúyẹ́ tó sì lágbára. Ọgbọ́n yẹn ni wọ́n gbé wá sídìí bọ́ọ̀sì.

Èrò 56 ló ń jókòó nínú bọ́ọ̀sì tó ṣáájú ẹ̀. Routemaster ń gba 64, síbẹ̀ kò wúwo jù ú lọ. Gíà ẹ̀ lè yí fúnra ẹ̀, sìtẹ́ẹ̀rìn ẹ̀ kò sì le lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà. Ẹ rántí pé 1956 là ń wí o.

5/
Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Wọ́n ní gáréèjì àtúnṣe ńlá kan níbì kan tó ń jẹ́ Aldenham. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan máa lọ síbẹ̀, wọ́n á gbé ara ẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n á tún méjèèjì ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ara tó bá kọ́kọ́ parí, orí ẹsẹ̀ tó bá ti wà nílẹ̀ ni wọ́n máa gbé e lé. Torí náà, ara tó wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà kan lè jáde pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn.

Gbogbo ẹ̀ ló bára mu, gbogbo ẹ̀ ló ṣeé pààrọ̀. Ọkọ̀ tó bá ṣeé tú palẹ̀ tó sì ṣeé tò padà, kì í tètè kú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

6/
Ó yá, ẹ wá wo ẹ̀yìn ẹ̀. Kò nílẹ̀kùn. Pèpéle kékeré kan ló wà níbẹ̀, irin gígùn kan ló sì wà láàárín ẹ̀ téèyàn máa dì mú. Tí iná pupa bá dá bọ́ọ̀sì dúró, o lè bọ́ sílẹ̀. Tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dí Oxford Street, o lè sáré fò gòkè. Kò sẹ́ni tó máa dúró de kí dẹ́rẹ́bà ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọmọ Èkó tẹ́ ẹ bá Mólùẹ́ láyé, mi ò nílò àlàyé púpọ̀ fún yín. Ẹ mọ adùn ẹ̀, ẹ sì mọ ewu ẹ̀.

7/
Dẹ́rẹ́bà wà nínú yàrá kékeré tiẹ̀ níwájú lọ́hùn-ún, kò lè bá èrò sọ̀rọ̀. Kọ́ńdọ́ ló ni gbogbo ìyókù. Agogo ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Agogo kan: dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù tó kàn.
Agogo méjì: ó yá, máa lọ.
Agogo mẹ́ta: a ti kún, má gbé ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwa ń pariwo "Ó wà o!", àwọn ń lu agogo. Iṣẹ́ kan náà ni.

8/
Àǹtí mi ní owó gbígbà gan-an ló kéré jù nínú iṣẹ́ náà. Kọ́ńdọ́ ló ń gbé báàgì ìyá arúgbó gòkè. Òun ló ń sọ fún àlejò pé "ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ ti kọjá, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ sọdá, ẹ wọ òmíràn". Òun ló ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè lóru láti lọ wo àwọn tó ń ṣe jàgídíjàgan. Tí ọmọdé bá sùn lọ, òun ló ń jí i.

Tí kọ́ńdọ́ bá sì wà, bọ́ọ̀sì kì í pẹ́ ní bọ́sítọ́ọ̀pù. Èrò á kàn gòkè, wọ́n á sì máa lọ. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń sanwó.

9/
Ta làwọn kọ́ńdọ́ yìí? Láti 1956, ọdún tí Routemaster kọ́kọ́ kó èrò gan-an, London Transport ti lọ ń gba òṣìṣẹ́ tààrà láti Barbados. Nígbà tó yá, wọ́n lọ sí Trinidad àti Jamaica náà. Àwọn òyìnbó tó tó nǹkan ò fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà mọ́ lówó tí wọ́n ń san. Lẹ́yìn wọn ni tiwa dé, ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Ghana.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá rí bọ́ọ̀sì yẹn lára ife tíì gẹ́gẹ́ bí àmì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ rántí ẹni tó ń lu agogo.

10/
Ó dáa, báwo ló ṣe kú?

2,876 ni wọ́n ṣe. Wọ́n parí ṣíṣe ẹ̀ ní 1968. Ọdún yẹn kan náà ni òfin ìrìnnà tuntun jáde, tí ìjọba ní àwọn máa bá iléeṣẹ́ ọkọ̀ san nínú owó bọ́ọ̀sì tuntun, bó bá jẹ́ irú èyí tí dẹ́rẹ́bà nìkan lè wà, tó máa wakọ̀, tó sì máa gbowó. Routemaster kò lè wọ inú ètò yẹn. Ẹ̀yìn lẹnu ọ̀nà ẹ̀ wà, iwájú ni dẹ́rẹ́bà wà. Báwo ló ṣe fẹ́ na ọwọ́ gbowó?

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ikú.

11/
Àmọ́ kò kú! Àwọn bọ́ọ̀sì oní-dẹ́rẹ́bà-nìkan tí wọ́n rà kí wọ́n lè gba ipò ẹ̀, wàhálà ni wọ́n jẹ́. Wọ́n ń bàjẹ́, wọ́n sì ń pẹ́ ní bọ́sítọ́ọ̀pù, torí gbogbo èrò ló ń tò síwájú dẹ́rẹ́bà láti sanwó. Kí ọdún 1970 sí 1979 tó tán, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n. Routemaster ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ ní tiẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ta àwọn iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì London fún aládàáni ní 1994, ó ṣì wà níbẹ̀. Kódà láàárín àwọn ọdún 1990, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì tuntun sínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ọkọ̀ tó ṣeé tú palẹ̀.

12/
Ní 2000, Ken Livingstone di Méyọ̀ London. Ó ti ṣèlérí pé òun máa dá bọ́ọ̀sì yìí sí, pẹ̀lú àwọn kọ́ńdọ́ ẹ̀. Ó tiẹ̀ fi èébú ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mú un kúrò. Wọ́n lọ ra àwọn tó lé ní 40 padà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti tà wọ́n fún, wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n dá wọn padà sójú títì. Inú àwọn ará London dùn.

Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà, lábẹ́ Livingstone yìí kan náà, wọ́n palẹ̀ gbogbo ẹ̀ mọ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀?

13/
Àkọ́kọ́, owó. Owó oṣù èèyàn méjì lórí bọ́ọ̀sì kan. Ní 2003, káàdì Oyster dé. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ní káwọn èrò àárín ìlú máa ra tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì. Tí èrò bá ti sanwó nílẹ̀, àwọn tó ń ṣírò owó á béèrè pé kí ni kọ́ńdọ́ wà fún.

(Ẹ padà lọ ka nọ́ńbà 8.)

14/
Ìkejì, ewu. Pèpéle tí kò nílẹ̀kùn yẹn ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣubú, ó sì ti pa àwọn kan. Àwa tá a fẹ́ràn ìtàn àtijọ́, a kì í fẹ́ sọ apá yìí.

15/
Ìkẹta lèyí tó pọn dandan jù, òun làwọn tó ń kédàárò bọ́ọ̀sì náà máa ń fò kọjá.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i: àtẹ̀gùn, irin, ọ̀nà tó há. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara kò lè wọ̀ ọ́. Kò ní àyè kankan fún un, láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ jáde. Ìyá tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ gbé ọmọ jáde, kó ká kẹ̀kẹ́, kó tó gòkè, òjò ń rọ̀ tàbí kò rọ̀.

Bọ́ọ̀sì tí gbogbo èèyàn ń pè ní ti gbogbo ìlú, kì í ṣe gbogbo ìlú ló lè wọ̀ ọ́.

16/
Àwọn akàndá ẹ̀dá ò dákẹ́ o. Láàárín àwọn ọdún 1990, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wọn bọ́ sójú títì ní àárín London, wọ́n dí ọ̀nà, àwọn kan fi ṣéènì so ara wọn mọ́ bọ́ọ̀sì, àwọn ọlọ́pàá sì kó wọn. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju pé káwọn náà lè wọ bọ́ọ̀sì.

Ní 1995, òfin jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ojú aláìpé wo akàndá ẹ̀dá. Òfin mìíràn tẹ̀ lé e ní 2000, tó fún àwọn bọ́ọ̀sì onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì di ìbẹ̀rẹ̀ 2017 kí gbogbo wọn ṣeé wọ̀ fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́.

Ẹ ṣírò ẹ̀ dáadáa. Routemaster ṣì ní ju ọdún mẹ́wàá lọ lábẹ́ òfin. London pinnu pé àwọn ò ní dúró di ìgbà yẹn.

17/
Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2003, nǹkan bí ojú ọ̀nà 20 ló ṣì ní Routemaster. Wọ́n ń já a lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 15 àti 11 lọ ní 2003. Nọ́ńbà 6, 8, 7, 9, 73 àti 12 lọ ní 2004. Nọ́ńbà 36, 19, 14, 22, 13 àti 38 lọ ní 2005.

Èyí tó bá kan, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀sì á kóra jọ pẹ̀lú kámẹ́rà lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn. Ó wá dà bí ìsìnkú tí kò tán nílẹ̀.

18/
Nọ́ńbà 12 àti 36 yẹn, tiwa ni. Méjèèjì ló ń gba Camberwell àti Peckham kọjá. Tí ẹbí rẹ bá gbé agbègbè yẹn ṣáájú 2004, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé ẹ̀fọ́, iṣu àti ata láti Rye Lane sábẹ́ àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì yẹn, níbi tí wọ́n máa ń kó ẹrù sí.

Lójú ọ̀nà 12, bọ́ọ̀sì gígùn tó ń tẹ̀ láàárín ni wọ́n gbé wá. Mítà 18! Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ló ní, kò sì sẹ́ni tó ń wò ọ́ bóo bá gba ẹ̀yìn wọlé láìsanwó. Kíá, aráàlú ti sọ ọ́ ní "bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́". Kí wọ́n tó gbé e dé ojú ọ̀nà 12, mélòó kan nínú irú ẹ̀ ti gbiná lójú títì, débi pé wọ́n fi kó gbogbo wọn wọ gáréèjì fúngbà díẹ̀ ní 2004.

Ẹ rẹ́rìn-ín o. Àmọ́ ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè wọ̀ ọ́.

19/
Ọdún 2004 ni wọ́n pe Àǹtí mi. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ̀pọ̀ kọ́ńdọ́ nígbà yẹn ni wọ́n sọ fáwọn náà: ẹ wá kọ́ ọkọ̀ wíwà ká sọ yín di dẹ́rẹ́bà, tàbí kẹ́ ẹ gba owó díẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ̀rù títì London ń bà wọ́n. Wọ́n gbowó.

Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn dá ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì padà, ọ̀gá tó gbà á lọ́wọ́ wọn ò gbójú sókè. Ó kàn ka nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀sì kún ẹnu ọ̀nà gáréèjì pẹ̀lú kámẹ́rà. Ẹnì kan ní kí Àǹtí jọ̀ọ́ sún díẹ̀, kó lè rí nọ́ńbà bọ́ọ̀sì yà dáadáa.

Ìyẹn ló fà á tí wọn ò fi fẹ́ kí n gbé fọ́tò yẹn síbí.

20/
Ó wá ku nọ́ńbà 159, láti Marble Arch lọ sí Streatham. Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 2005. Jímọ̀ ni, ojú ọjọ́ tutù. Kò tíì pé ọ̀sán tí èrò ti kún Marble Arch. Àwọn kan wọ aṣọ kọ́ńdọ́ àtijọ́, àwọn kan gbé òdòdó dání.

Bọ́ọ̀sì ìkẹyìn, RM2217, tó ti lò tó nǹkan bí 40 ọdún, gbéra lẹ́yìn tí aago méjìlá lù. Ó gba Trafalgar Square, ó gba Westminster, ó sọdá odò Thames. Nígbà tó dé Brixton, èrò ti dí títì pa, ìrákòrò ló fi wọ gáréèjì. Bó ṣe tán nìyẹn. Láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ kó èrò ní 1956, ó ku díẹ̀ kó pé 50 ọdún.

Àwọn bọ́ọ̀sì onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun tí ilẹ̀ wọn lọ sílẹ̀, tó ní pátákó tó ń yọ jáde fún kẹ̀kẹ́, ló gba ipò ẹ̀.

21/
Wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ fáwọn arìnrìn-àjò afẹ́, lórí apá kan ojú ọ̀nà 9 àti 15. Ti 9 dópin ní 2014. Ti 15 kò padà sójú títì mọ́ lẹ́yìn Kòró.

22/
Ẹ̀n-ẹ́n, ìtàn ò tán síbẹ̀. Ní 2008, Boris Johnson dupò Méyọ̀, ó ní òun máa lé bọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀ láàárín lọ, òun á sì jí Routemaster dìde. Ó borí Livingstone. Ní 2011, èyí tó ń tẹ̀ láàárín kúrò nílẹ̀ pátápátá. Ní oṣù Kejì 2012, "Routemaster Tuntun" jáde lójú ọ̀nà 38. Thomas Heatherwick ló fún un ní ìrísí. 1,000 ni wọ́n rà nígbẹ̀yìn.

Ó pupa. Ó lẹ́wà. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè wọ̀ ọ́. Wọ́n sì dá pèpéle ẹ̀yìn padà, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó ń dúró síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í gbowó.

Ẹ gbọ́ èyí: ní 2016, wọ́n ní owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn yẹn ti pọ̀ jù. Wọ́n yọ gbogbo wọn. Pèpéle téèyàn lè fò bọ́ tipa báyìí di ẹnu ọ̀nà onílẹ̀kùn bíi tàwọn yòókù.

23/
Ẹ wo ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí.

Nǹkan méjì ló kú lọ́jọ́ kan náà ní 2005, a sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀kan ni àtẹ̀gùn tó ń dí àwọn èèyàn lọ́nà. Ìyẹn yẹ kó kú, ó tiẹ̀ pẹ́ kó tó kú. Èkejì ni ẹni tó ń ran èrò lọ́wọ́ lórí bọ́ọ̀sì. Kò sí òfin kankan tó ní kí ìyẹn lọ. Òfin akàndá ẹ̀dá kò sọ pé kí wọ́n lé kọ́ńdọ́. Kódà, ta ló nílò kọ́ńdọ́ ju ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lọ?

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe ohun tó tọ́, wọ́n fi ọwọ́ òsì gé owó. Àwa wá ń bá àwọn akàndá ẹ̀dá jà pé àwọn ló pa bọ́ọ̀sì wa.

24/
Mo ka ohun tí mo kọ yìí sí Àǹtí mi létí kí n tó gbé e síbí. Wọ́n ní ó ku ohun kan.

Lẹ́yìn tí wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kọ́ńdọ́, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ti ríṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ti màmá àgbàlagbà kan lórí kẹ̀kẹ́ lọ sí bọ́sítọ́ọ̀pù. Bọ́ọ̀sì dé, pátákó yọ, wọ́n tì í wọlé. Ọmọ London ni màmá náà, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, àtọmọdé ló sì ti wà lórí kẹ̀kẹ́. Àǹtí wá ń ròyìn ìgbà tí àwọn ń ṣe kọ́ńdọ́ fún un, bó ṣe dùn tó.

Màmá yẹn gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú fèrèsé lòun ti máa ń wo bọ́ọ̀sì yẹn tó ń kọjá. Ó ní òun ò wọ̀ ọ́ rí.

25/
Mo bi wọ́n pé, "Àǹtí, kí lẹ wá sọ fún un?"

Wọ́n ní àwọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn kàn tún bẹ́líìtì ẹ̀ so dáadáa, àwọn dúró tì í títí wọ́n fi débi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ kọ́ńdọ́ làwọn ń ṣe lọ́jọ́ yẹn, wọn ò kàn fún àwọn ní agogo.

26/
Ó tán o. Tí ẹ bá ní bàbá, màmá, àǹtí tàbí bọ̀dá tó ṣe kọ́ńdọ́ rí, ní London, ní Èkó, ní Ìbàdàn, níbikíbi, ẹ pè wọ́n lónìí. Ẹ béèrè orúkọ ojú ọ̀nà wọn àti iye èrò tí wọ́n ń kó. Ẹ wá sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀ níbí, màá ka gbogbo ẹ̀.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sáwọn ará Peckham.